Ẹ Jẹ́ Kí Mọ̀dí Gúnyán

Bọ̀ọ̀dá mi Táófíkì,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ṣùgbọ́n orúnkún kan ṣoṣo ni mo fi kúnlẹ̀. Èkejì ń bínú. Ó ní òun ò ní kanlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yanjú.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló kan èmi Rísíkátù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú lẹ́tà ìmọ̀ràn sí ẹ̀gbọ́n tó ti gbéyàwó. Ẹ̀bi Dádì ni. Nígbà tí ẹ wọ yunifásítì, Dádì kọ lẹ́tà sí yín, ó gùn débi pé tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, èèyàn lè gba orí rẹ̀ rìn láti District Heights dé Báltímọ̀. Nígbà tí ẹ ríṣẹ́, wọ́n tún kọ òmíràn. Ní báyìí tí ẹ gbéyàwó, tí ẹ kó lọ sí ilé tuntun ní Springdale, mo bi wọ́n pé lẹ́tà dà. Wọ́n ní, "Táò ti kàwé jù mí lọ. Kí ni mo tún fẹ́ sọ fún un?" Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ takisí wọn, wọ́n jáde. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí Dádì ò rí sọ, èmi rí i sọ, ó sì kún ẹnu mi bámúbámú.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí ohun méjì. Gẹ̀ẹ́sì ò lè gbé ìbínú tó wà nínú mi, ẹ̀yìn rẹ̀ á kán. Lẹ́yìn náà, Àǹtí Làtífà ìyàwó yín, tí wọ́n bí síbí, ò lè kà á, n kò sì bá wọn jà. Ẹ̀yin nìkan ni mo bá ní ẹjọ́, Mọ̀dínátù àbúrò wa sì ni ẹjọ́ náà.

Ẹ mọ Mọ̀dí. Kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ, ariwo ẹnu rẹ̀ sì ti dàgbà ju èmi lọ. Tó bá lajú láàárọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń jẹun, á máa kùn bíi fíríìjì àtijọ́. Tó bá ń wo tẹlifíṣàn, á máa han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ níìrù. Á ta ahọ́n, á fọn imú, á ní "bí-bí-bí" títí ògiri á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn. Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ti fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà rẹ̀ títí àjà fi dà bí asẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò mọ̀ọ́mọ̀. Tí ẹ bá ní, "Mọ̀dí, kí ló dé?" á wò yín lójú, á ní, "Kí ni mo ṣe?" Kò gbọ́ ara rẹ̀ rárá.

Nígbà tí ẹ ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ yín, pé ilé yín gbòòrò, pé ilé ìwé ibẹ̀ dára, pé iṣẹ́ méjì tí Mọ́mì ń ṣe nílé àwọn arúgbó ò jẹ́ kí wọ́n ráyè, gbogbo wa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Èmi náà dúpẹ́. Bọ̀ọ̀dá, mo ń gba ọpẹ́ mi padà. Ẹ bá mi wá a, ẹ dì í, ẹ fi ránṣẹ́.

Ó yá, ìmọ̀ràn. Dádì máa ń ka tiwọn ní oókan, èjì, ẹ̀ta. Èmi náà á gbìyànjú.

Ìkíní: ẹ yé fi ìkúnlẹ̀ wo ariwo.

Mo wà nílé yín lọ́jọ́ tí ìyá ìyàwó yín wá ṣàdúrà sí ilé tuntun. Mo wà ní kíṣìnì, mò ń dín dòdò. Ìyá jókòó sórí àga funfun yẹn, gbogbo yín tẹ́wọ́.

"Ọlọ́run á fi ọmọ kún inú ilé yìí."

"Àmín."

"Mtṣẹ̀ẹ̀!" ni Mọ̀dí.

"Ẹ ò ní sunkún nínú ẹ̀."

"Àmín."

"Mtṣẹ̀ẹ̀!"

Ìyá lajú wọn méjèèjì. "Ta ló ń pòṣé sí àdúrà mi?"

Mo sáré yọrí láti kíṣìnì, mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnu ẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í ṣe òṣé."

"Ẹnu wo? Ẹnu náà ò mọ àgbà ni?"

Ojú tì yín níwájú àna. Mo rí i. Ọrùn yín wú bíi ti àkèré. Ẹ fa ọmọ náà lápá lọ sí yàrá abẹ́ ilé, mo sì ń gbọ́ yín láti òkè: "Kúnlẹ̀! Gbé apá rẹ sókè! Di ojú! Tí mo bá tún gbọ́ bíńtín lẹ́nu ẹ!"

Kí n má purọ́, mo mọ ohun tó bí yín nínú. Nínú ilé wa, kí ọmọdé pòṣé sí àgbà burú ju kó sọ òkò lu wíńdò lọ. Àwọn òyìnbó ilé ìwé gbọ́ ohùn yẹn, wọ́n ní ẹnu ọmọ kàn ń dún ni. Àwa gbọ́ ọ, a ní ó ń bú ìyá ẹni. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá, ìyá ìyàwó yín ti relé wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gbé dòdò lọ́wọ́. Ìkúnlẹ̀ ló kọ̀ tí kò lọ. Àǹtí Làtífà sọ fún mi lórí fóònù pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ báyìí, tí ẹ bá jẹun tán, Mọ̀dí á kúnlẹ̀, á gbápá sókè, títí yóò fi dákẹ́. Ṣé ó ń dákẹ́? Bó ṣe ń pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ ni ariwo ń pọ̀ sí i, bí ariwo ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ ń fi kún ìkúnlẹ̀. Bí ẹ bá ń bá a lọ báyìí, orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni wọ́n máa bá ọmọ náà tí wọ́n á fi wá tọrọ ẹ̀ fún ọkọ.

Tí ìkòkò bá ń hó, tí ẹ bá dé e pinpin, ṣé ó ń dákẹ́ ni? Sórí iná ló máa hó dànù sí.

Ìkejì: ẹ jẹ́ kí Mọ̀dí padà sí kíláàsì ìmira.

Èyí ló ń jẹ mí lára jù. Nílé ìwé tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, obìnrin kan wà tó ń darí kíláàsì náà, tí àwọn ọmọ ń pè ní Mìsì Dọ̀lọ́rẹ́sì. Ẹ ò rí yàrá rẹ̀ rí. Èmi rí i, mo lọ mú Mọ̀dí níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà sílé mọ́. Jáńgílọ́fà so láti òkè àjà. Bọ́ọ̀lù kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju ikùn lemọ́mù wa lọ, àwọn ọmọ á jókòó lé e, á máa gbé wọn sókè sódò. Ọmọ kan ń fi ọwọ́ rìn, ẹlòmíràn di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lẹ́yìn bí ẹni ń ti ọmọlanke. Mọ̀dí ní tiẹ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n kó ìwé kún, ìwé tó tó fọ́ eegun, ó ń tì í lọ, ó ń tì í bọ̀, òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀. Mo tẹ́tí, mo tún tẹ́tí. Ẹnu yẹn dákẹ́.

Mo ní, "Mìsì, kí lẹ fún un mu?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Iṣẹ́ ni mo fún un. Ara rẹ̀ ń wá ara rẹ̀ ni. Tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ò bá rí ohun tó wúwo ṣe, ẹnu á gba iṣẹ́ náà ṣe."

Kò pè é ní oògùn o. Ó ní ara ọmọ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ó sì ní kí Mọ́mì mú un lọ kí dókítà yẹ etí àti ọ̀fun rẹ̀ wò, Mọ́mì sì mú un lọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Mọ̀dí á ti kẹ̀kẹ́ títí, ariwo ò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ń gbọ́ pọ̀ ju ọjọ́ tí kì í gbọ́ lọ.

Irú yàrá bẹ́ẹ̀ wà nílé ìwé tuntun rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Wọ́n pè yín pé kó máa wá. Kí lẹ sọ fún wọn? "Àbúrò mi kì í ṣe wèrè." Ta ló pè é ní wèrè? Ẹ̀yin nìkan lẹ pè é bẹ́ẹ̀! Tí èèyàn tó gun jáńgílọ́fà bá ya wèrè, a jẹ́ pé gbogbo ọmọ ìlú yìí ti ya wèrè tán, kí wọ́n wá fi páànù bò wá mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tí a bá ń kírun ní mọ́ṣáláṣí, ṣé ẹ ti gbọ́ ariwo Mọ̀dí rí? Ó ń tẹ̀, ó ń dìde, ó ń fi iwájú orí kanlẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ìgbà tí lemọ́mù bá dé orí wáàsí, tí gbogbo èèyàn jókòó gbagidi, ìgbà yẹn ni "bí-bí-bí" máa bẹ̀rẹ̀. Ojú yín ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí sọ ni pé ẹ ò mú un lọ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni odó.

Ẹ̀yin ti kúrò nílé nígbà tí èyí bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ fara balẹ̀. Mìsì Dọ̀lọ́rẹ́sì bi Mọ́mì pé iṣẹ́ tó wúwo wo ló wà nílé tí Mọ̀dí lè máa ṣe. Mọ́mì ronú, wọ́n ní, "Iyán." Ẹ rántí odó tí Màmá Ọ̀yọ́, ìyá àgbà wa, fi ránṣẹ́ sí wa, tí wọ́n di aṣọ mọ́ bí òkú. A ò lè gún un nínú ilé nítorí obìnrin ìsàlẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Mọ́mì ń gún, Mọ̀dí ń gún, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, gbì, gbì, gbì. Àwọn aládùúgbò yọrí láti wíńdò. Bàbá kan tó ń fọ ọkọ̀ ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni igi yẹn ṣẹ̀ yín?" Apá Mọ̀dí ń ṣiṣẹ́ lọ.

Nígbà tí a wọlé jẹun, ilé dákẹ́. Ó dákẹ́ débi pé Dádì ju ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?" Mọ́mì wọ kíṣìnì lọ, wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ kí a má baà gbọ́ pé wọ́n ń sunkún.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ Mọ̀dí ni. Òun ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ dídọ̀tí sọ̀ kalẹ̀, òun ló ń fa àpò ìrẹsì, òun ló ń gúnyán lọ́jọ́ Sunday. Ó wá délé yín, kí ni ẹ ṣe? Ẹ ṣe oore! Ẹ ní àlejò ni, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ní kó má sáré lórí àtẹ̀gùn, kó má fò lórí kápẹ́ẹ̀tì funfun, kó jókòó jẹ́ẹ́ kó máa wò. Iyán yín gan-an, ìyẹ̀fun inú páálí ni, omi gbígbóná ni ẹ fi ń rò ó. Ẹ gba kíláàsì ìmira lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba odó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba àtẹ̀gùn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá ń bínú pé ó fi ẹnu tó kù ún kù ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin. Nínú lẹ́tà Dádì, ibí ni wọ́n ti máa ń sọ àṣìṣe ìgbà èwe wọn, kí ọmọ lè fi kọ́gbọ́n. Èmi ò tíì dàgbà tó láti ní ìgbà èwe tó ti kọjá. Tiyín ni màá lò.

Mọ́mì sọ ọ́ fún mi, ẹ má bínú sí wọn. Wọ́n ní nígbà tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdírì n'Íbàdàn, ẹ ò lè jókòó kàwé. Ẹ máa ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀ ń ka kẹ́mísírì sókè, ẹ̀ ń gbá ògiri pẹ̀lú ọwọ́, títí sìmẹ́ńtì ibẹ̀ fi jẹ kòtò. Ẹ ń pariwo ju ẹ̀rọ ìlọta lọ. Tísà yín kan ní kí wọ́n so yín mọ́ àga kí ẹ lè fara balẹ̀, ìdánwò tí wọ́n so yín mọ́ àga ṣe yẹn lẹ sì fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Ta ló lọ bá tísà náà jà? Mọ́mì. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó rìn. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ló fi ń ronú." Wọ́n tú yín sílẹ̀, ẹ rìn, ẹ yege, ẹ rìn dé Amẹ́ríkà.

Lónìí náà ńkọ́? Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹsẹ̀ yín gbọ̀n lábẹ́ tábìlì títí omi inú ife mi fi dànù sí mi lára. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ kúnlẹ̀ níwájú àna.

Ìmọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀ nìyí: ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lórí àga kì í wá okùn fún àbúrò rẹ̀.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀karùn-ún, inú mi ò jẹ́ kí n kà á mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ ohun tó mú mi gbé bírò.

Mọ̀dí pè mí lórí fóònù ní Wednesday. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹni tó ń gbààwẹ̀.

"Àǹtí Rísì, mo ti mọ̀ ọ́n ṣe báyìí."

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Dídákẹ́. Tó bá ti ń bọ̀, mo máa ń fi eyín di ètè mi mú. Kì í wá lè jáde."

"Ṣé kò dùn ẹ́ ni?"

"Ó ń dùn mí. Ó tiẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ lánàá, mo lá a. Àǹtí Rísì, ẹ sọ fún Mọ́mì pé mo ti dákẹ́. Ṣé mo lè máa bọ̀ wálé?"

Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ti wò ó sàn. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ẹ̀yin ẹ ti kọ́ ọmọ ọdún méje bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ dákẹ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ge wáyà rẹ̀ jẹ, ojú eyín mi ṣì wà lára rẹ̀, ẹ wá wò ó. Mo sọ fún Mọ́mì. Mọ́mì wọ kọ́rọ̀ ibi tí odó wà, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n gbé e síwájú mi. Dádì ní tiwọn bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Sọ fún Táò pé mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Sọ pé kó tú ọmọ mi sílẹ̀."

Ibí ni mo kọ lẹ́tà yìí dé nílé. Èyí tó kù, orí àtẹ̀gùn ilé yín ni mo ti ń kọ ọ́, ní òwúrọ̀ Sátidé yìí, tí ẹ̀ ń hanrun lọ́wọ́.

Mo pọn odó wá. Mo fi ọ̀já Mọ́mì dè é mọ́ ẹ̀yìn, ọmọ odó wà lọ́wọ́ mi bí ọ̀pá àṣẹ, isu wà nínú àpò. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ wò mí títí.

"Ọmọ ọdún mélòó nìyẹn?"

"Ogún ọdún. Kò tíì mọ̀ ọ́n rìn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ọwọ́ kì í sanwó. Ti bọ́ọ̀sì kejì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó ní kí n fi igi náà sílẹ̀ níta. Mo wò ó. Ojú tí mo fi wò ó, Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n bá fi wo yìnyín, ó máa hó. Ó jẹ́ kí n wọlé.

Àǹtí Làtífà ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wo odó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Rísì, ṣé mo lè ràn ẹ́ lọ́wọ́?" Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọn ò mọ̀ nípa ètè. Wọ́n gbé ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n lọ tan iná sábẹ́ isu, wọ́n sì dúró tì í títí isu fi jinná. Wọn ò gúnyán rí láyé wọn. Wọ́n ti wà lórí koríko ẹ̀yìnkùlé báyìí pẹ̀lú aṣọ ìsùn, Mọ̀dí sì ń kọ́ wọn. Mo ń gbọ́ ọ: "Àǹtí, ẹ má rọra. Ẹ gún un bí ẹni ń bínú!"

Mò ń ti lẹ́tà yìí gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá yín. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí wíńdò, kí ẹ tẹ́tí. Ẹ máa gbọ́ gbì, gbì, gbì. Ẹ máa gbọ́ tí ìyàwó yín ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ariwo Mọ̀dí. Bí ẹ bá rí i, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Bí ẹ ò bá sì rí i, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀la lè rí bẹ́ẹ̀, ọ̀tunla lè má rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó yẹ ọmọ náà fún ìkúnlẹ̀.

Àpò aṣọ Mọ̀dí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo dì í. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ wẹ ọwọ́, tí ẹ gba ọmọ odó, tí ẹ sì fẹnu ara yín sọ fún un pé ó ń lọ sí kíláàsì rẹ̀ ní Monday, ìkúnlẹ̀ sì ti tán, màá tú àpò náà. Odó á dúró lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ ò bá sọ̀ kalẹ̀, tí a bá jẹun tán, èmi àti Mọ̀dí á wọ bọ́ọ̀sì, a ò sì ní kan ilẹ̀kùn yín kí a tó lọ.

Àbúrò yín tí orúnkún rẹ̀ kan ṣì wà lóòró ni mí,
Rísíkátù.

Bọ̀ọ̀dá, odó yẹn wúwo. Ẹ má jẹ́ kí n tún pọ̀n ọ́n padà.